Mo Ti Bá Ọ Pa Ejò Rẹ

Àbúrò mi, oúnjẹ rẹ wà nínú ìkòkò.

Lánàá, níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, o to géèmù ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò, márààrún, bí wọ́n ṣe dára sí. O fi ààyò mi ṣe ìkẹyìn, o ní, "Ti ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, géèmù púrúǹtù, kò sí ọ̀rọ̀ kíkà níbẹ̀." Aṣeni ń gbàgbé, ẹni a ṣe kì í gbàgbé.

Láàárọ̀ yìí, mo tan èyí tí o fi ṣe àkọ́kọ́, tí ejò ìparí rẹ̀ kò jẹ́ kí o ṣe tán. Arúgbó inú ẹ̀ ní ìrù ni kí á ti lù ú. Ìwọ máa ń fo ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi kà á. Mo ti pa ejò náà. Kò ku nǹkan kan fún ọ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ, púrúǹtù.