Èmi Ni Mo Bu Èènì Iná Fún Wọn

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn tó? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ níbi tí o ń sùn àti níbi tí o ń jí, kí àwọn wáyà gbọọrọ tí o ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ má ṣe fọwọ́ kàn ọ́ padà. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n ṣe àmín náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà, àmín.

Àlàáfíà la wà níbí. Orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Adìẹ dúdú yé ẹyin mẹ́fà sínú kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù tí mo gé lórí, ó sì ti ń sàba lé wọn, n kò wá lè fi kẹ́ẹ̀gì náà ta epo mọ́, bẹ́ẹ̀ kò kúkú sẹ́ni tó ń béèrè. Ìyá rẹ ní láti ọdún méjì sẹ́yìn, àsìkò yìí gan-an ni kẹ́ẹ̀gì náà tó wúlò.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ajé. O ní gbogbo nǹkan ń lọ geere. Irọ́ ni, ọmọ mi. Dẹ́rẹ́bà tó mú un wá, ibùdó yín ló ti ń gba iná mànàmáná sínú mọ́tò rẹ̀ dípò epo, ó tiẹ̀ kọjá níwájú ìsọ̀ epo mi láìfọn fèrè. Òun ló sọ pé ọ̀gá yín pè ọ́, ó bi ọ́ pé ta ló jẹ́ kí iná tán lọ́sàn-án gangan, o sì ní ìwọ ni. Ó ní lọ́jọ́bọ̀ ni wọn yóò sọ bóyá wọn yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo sún oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo mú kálámù.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, kí o lè kà á sétí ọ̀gá yín. Lọ́jọ́ tí mo wá kí ọ, o ní wọ́n pè ọ́ sípàdé, kò ní ju wákàtí kan lọ, kí n bá ọ jókòó ti ibùdó. O kọ́ mi dáadáa. O ní kí n tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, kí n wo nọ́ńbà, tó bá ti kan iye tí wọ́n san, kí n tẹ pupa. O sì fi àwọn bátìrì tó ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù hàn mí, o ní ohun tí oòrùn bá kó sínú wọn ni gbogbo àdúgbò yóò pín títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Ẹni tó ti ń ta epo bẹntiróòlù láti ọgbọ̀n ọdún, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi kọ́ ọ nípa mọ́tò?

Mo kọ́kọ́ gbóòórùn ẹnu wáyà náà. Kò rùn rárá, ẹ̀rù bà mí pé bóyá wọ́n ti bu omi là á. Mo wá àrọ tí n ó fi dà á títí, n kò rí i. Mo lé ọkùnrin kan tó fẹ́ ṣáná sí sìgá. Lẹ́yìn náà oníbàárà àkọ́kọ́ dé, nọ́ńbà rẹ̀ pé, mo gbé ìka lé pupa, mo wá wojú rẹ̀. Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń tajà n kò ta lítà kan rí kí n má bu èènì lé e. Kí ènìyàn wọn ọjà kó ṣe géérégé bẹ́ẹ̀, oníbàárà á rò pé mo ń bá òun ṣọ̀tá ni. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń bu èènì ohun tí kò ṣeé fojú rí? Mo rò ó, mo tún un rò, mo ní ìkíni ni n ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Mo jẹ́ kí iná máa wọlé, mo kí i, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan, mo kí èyí tó wà lókè òkun. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ bá pọ̀, èènì tirẹ̀ náà á pọ̀. Àpọ́n kan dé, àánú ṣe mí, mo bá a kí ìyá rẹ̀ àti gbogbo ọmọ ìyá ìyá rẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ pé bàbá yìí mà lawọ́ o, wọ́n ń fi fóònù pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kí wọ́n yára máa bọ̀. Orí mi wú.

Ìgbà tí agbẹ̀bí dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo tẹ ewé títí àtàǹpàkò fi ń ro mí, pàbó ló já sí, iná ti tán nínú bátìrì. Mo ní kó fara balẹ̀, kí n máa kí àwọn ará ilé rẹ̀ ná. Ó ní ará ilé wo, obìnrin kan ń rọbí lẹ́yìn ọjà. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fẹsẹ̀ sáré. Ọlọ́run ló ṣe é, ọmọ náà ti bọ́ sílẹ̀ kó tó débẹ̀, tìyá tọmọ sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ó fẹjọ́ sùn, ẹjọ́ rẹ̀ sì tọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o, orí tọmọ tèmi ló wọ́.

Dẹ́rẹ́bà ní àwọn kan ń sọ níbẹ̀ pé elépo ni bàbá rẹ, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ọjà yín lè bàjẹ́ ni. Èyí dùn mí wọra. N kò ní purọ́ fún ọ, nígbà tí o kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ yìí fún wa, mo bínú, mo ní owó epo ni mo fi rán ọ níléèwé, ìwọ ló wá fẹ́ pa epo. Ṣùgbọ́n mo rí àdúgbò yẹn, tí ilé fẹ̀gbẹ́ ti ilé, tí ọkọ̀ kólẹ̀kódọ̀tí pàápàá kì í dúró, mo rí i tí àwọn àgbàlagbà tò síwájú rẹ tí wọ́n ń pè ọ́ ní ọ̀gá. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe bu èènì. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọwọ́ ọmọ mi dára.

Mo ní kí dẹ́rẹ́bà já fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn kan wá fún mi lára ògiri ibùdó yín, ó sì wà nínú àpò ìwé yìí. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tí mo fẹ̀sùn kàn, mo kọ orúkọ mi. Wọ́n ní orúkọ olùfisùn, mo tún kọ orúkọ mi, ìyá rẹ ní ó dà bíi pé mo ń bá ara mi jà, mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ibi tí wọ́n ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju àtàǹpàkò lọ, mo kọ ọ́ yí etí ìwé náà ká, kí ọ̀gá yín máa yí i bó bá ṣe ń kà á. Wọ́n wá béèrè bóyá mo fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ mi pamọ́. Mo kọ rárá, mo fa ìlà sí i nídìí.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́rú, àti owó òróró tí ìyá rẹ fi ń pa orúnkún. Èmi fúnra mi ni n ó wá kọ fọ́ọ̀mù kejì níbẹ̀, bí ti àkọ́kọ́ bá sọnù. Má sọ pé ìwọ ni mọ́, mo bẹ̀ ọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bọ́. Ojú kò ní tì ọ́ nítorí mi. O ó bímọ, o ó wò wọ́n dàgbà, kò sì ní sí èyí tí yóò ní láti purọ́ nítorí rẹ nínú wọn.

Èmi ni bàbá rẹ.