Òfin Keje Nínú Ìwé Tí O Fi Di Aṣọ Ìgbéyàwó Mi

Dọlápọ̀ ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Bajulaiye, ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín kò tíì gé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́? Ọlọ́run tó gba ìjọba lọ́wọ́ ológun yóò gba ibi kúrò lọ́nà rẹ. Inú mi ń dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín sí ìkòkò tí mo ń fọ̀, ìyàwó tuntun ni mí ní ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, Bàbá Àkànó ọkọ mi sì ti kan àga alápá méjì fún mi bíi ti ìyàwó gómìnà. Aṣọ tí o fi ránṣẹ́ bá mi mu.

Ìwé tí o fi di aṣọ náà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Òfin ogun ni wọ́n tẹ̀ sí i, wọ́n kọ ọ́ sókè pé àwọn tí ẹ máa ń gbàgbé jù rèé. Serifat tó gbé e wá sọ pé ìwé tó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yín ni, pé eré kan ni, tí wọ́n ń fi ère ọmọ ogun kéékèèké ṣe lórí tábìlì. Eré kẹ̀? Ayò tí à ń ta láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ṣé òfin rẹ̀ kún ojú ewé kan ni?

Mo kà á fún ọkọ mi. Òfin kejì ní oṣó kò gbọdọ̀ pọfọ̀ bí ọ̀tá bá ti dì mọ́ ọn. Bàbá Àkànó ní abájọ, ó ti ń ṣe òun bíi pé oṣó wà nínú àwọn ológun tó ṣèjọba lé wa lórí. Ẹ̀rín pa mí títí mo fi dé òfin keje.

Ó ní ọmọ ogun tó ń sá kò tíì kú, ẹ má yọ ọ́ kúrò. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, kí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ pè é, bó bá gbọ́, yóò yí padà.

Dọlápọ̀, ọdún kẹsàn-án rèé tí ẹ̀gbọ́n rẹ Bámilóyè ti bá wọn lọ sógun Làìbéríà. Lazarus tí wọ́n jọ lọ ní òun rí i tó ń sá wọgbó, òun kò rí òkú rẹ̀. Mo ká ìwé náà sápò, ó di bárékè. Sójà ẹnu géètì rẹ́rìn-ín títí, ó ní níbo ni Màmá ti rí irú èyí. Nígbà tí mo dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ, tó wọlé lọ wò ó nínú ìwé orúkọ wọn, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ọ̀gá tó kó wọn lọ náà kò sì padà dé. Mo ní ẹ ò rí i, ẹ ti gbàgbé òfin keje.

Láràárọ̀ báyìí, kí n tó dáná, mo máa ń jáde kọjú sí ọ̀nà, màá pe Bámilóyè lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rù bà mí pé ọkọ mi yóò bínú, òun kọ́ ló bí i. Lọ́jọ́ kejì ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi, òun náà ń pè é, ohùn rẹ̀ ròkè ju tèmi lọ. Ṣé o rí i pé mo rí ọkọ fẹ́?

Jọ̀wọ́, fún Serifat ní owó ọkọ̀ díẹ̀ kó bá mi mú un bọ̀, mo fẹ́ padà sí bárékè. Kí o sì wá ìyókù ìwé náà nínú èyí tí ẹ dà nù, torí ibi tí wọ́n ti fẹ́ sọ ẹni tí yóò pè é bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti kú ni ẹ gé e sí. Wò ó bóyá wọ́n dárúkọ ìyá.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n pe ìwọ tì.

Èmi ni ìyá rẹ.