Súkúrù Tí Bàbá Kékeré Dè

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Asọ̀rọ̀mágbèsì tí ẹ gbé ti Èkó wálé ti sọ̀rọ̀ o! Ṣùgbọ́n ojú mi rí tó.

Láti ìgbà tí a ti ṣe fídáù yín ló ti ń súfèé. Ibi tí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí, tí ohùn Lọ́ńdọ̀nù máa ń wà, ariwo lásán ni. Bí mo bá yí abẹ́rẹ́ síwájú, ohùn méjì á gorí ara wọn, wọ́n á máa jà bí orogún. Bẹ́ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ kì í kọjá kí Ìyá má gbé àpótí wọn wá síwájú rẹ̀, nítorí Làmídì àbúrò mi tó wà lógun ní Bọ́mà. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbọ́ òyìnbó fún wọn. Ẹ ó wúkọ́ díẹ̀, ẹ ó wá túmọ̀. Èmi náà gbọ́ díẹ̀, kí rédíò ṣáà ti là.

Mo gbé bátìrì lọ gba iná n'Íbàdàn. Súfèé. Mo tún wáyà tó ń fa ohùn láti orí igi ọsàn so. Súfèé. Mo yọ àwọn gíláàsì tó máa ń pọ́n nínú rẹ̀, mo nu ẹsẹ̀ wọn, mo dá wọn padà. Súfèé náà ni! Ará ilé ní ó ti bá olówó rẹ̀ lọ. Irọ́ ni, mi ò gbà.

Àṣé Bàbá Kékeré ni, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ! Ẹ mọ àbúrò yín, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe l'Ádégbayì: wọn kì í rí súkúrù tó mì kí wọ́n má dè é. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ yàrá yín mọ́ de àlejò fídáù, wọ́n ṣí ẹ̀yìn rédíò, wọ́n sì de gbogbo súkúrù kéékèèké ibẹ̀ pinpin, kí ẹrù olóògbé má baà rí jákujàku. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ṣe. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé àwọn súkúrù yẹn ni rédíò fi ń mọ ohùn kan yàtọ̀ sí èkejì. Ta ni n óò bínú sí?

Mo fi irin tú wọn. Ohùn á fẹ́ wọlé, bí mo bá ti mú irin kúrò, á tún sá: irin fúnra rẹ̀ ló ń da ohùn rú. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọparun pẹlẹbẹ tí ẹ gbẹ́, tí ẹ máa ń há sétí, tí mo rò pé ìtayín ni. Ó ṣì wà lápò dàńṣíkí iṣẹ́ yín. Mo gbé abẹ́rẹ́ sórí àmì yín, mo ń fi ọparun yí súkúrù díẹ̀díẹ̀, mo ń tẹ́tí, mo tún ń padà sórí èyí tí mo ti yí tẹ́lẹ̀. Ọrùn ro mí! Lọ́ńdọ̀nù bá là gaara.

Ìyá sáré wá jókòó. Ìròyìn náà ò dáa rárá: wọ́n ti lé àwọn ọmọ ogun wa sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ló ti kú. Ìyá gbọ́ orúkọ Bọ́mà, wọ́n yíjú sí mi.

Bàbá mi, ikọ́ tí ẹ máa ń wú yẹn, mo ti ń rò pé èéfín fìtílà ni. Ṣé gbogbo ohun tí ẹ sọ fún wa lẹ gbọ́?

Mo wúkọ́. Mo ní àwọn ọmọ wa ń jẹun dáadáa, òjò nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé àpótí wọn wọlé.

Lọ́la, màá tún tan rédíò náà.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti jókòó sórí àga yín báyìí.