Tannetje Boogerd, Ayàwòrán Ilẹ̀ Tó Kọ̀ Láti Pa Ènìyàn Rẹ́

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1921 ni a bí màmá wa, olóògbé Tannetje Boogerd, sí ìsàlẹ̀ odi òkun ní erékùṣù Schouwen, nínú ilé Pau Boogerd àti Krina ìyàwó rẹ̀. Abẹ́ òkun ni ilẹ̀ tí ìdílé yìí ń ro wà nígbà kan rí. Ṣọ́bìrì ni àwọn baba ńlá wọn fi gbà á lọ́wọ́ òkun.

Iléèwé abúlé ni Màmá kà mọ, nítorí ọ̀dùnkún tó wà lóko kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, wọn a mú èédú, wọn a máa ya pápá àti ọ̀run. Nígbà tí àwọn alàgbà ìjọ bá wọn wí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi, Màmá fèsì pé, “Ẹ̀yin bàbá, iṣẹ́ Olúwa náà ni mò ń wò.”

Ní 1946, wọ́n fẹ́ Job Hanse, olùṣọ́ odi. Ní oṣù kejì ọdún 1953, òkun ya odi náà. Bàbá wa gbé àpò iyanrìn lọ dí i, wọn kò sì padà. Ìjọba kó àwa obìnrin àti ọmọdé lọ sí ìlú ńlá, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má padà. Màmá padà. Wọ́n ya odi tó ya, omi tó bo oko, ọ̀run tó fẹ̀, àti Bàbá lókè odi, kékeré báyìí, àpò léjìká.

Ọ̀gá ilé àwòrán kan ní ìlú ńlá pe Màmá wá, ó fẹ́ gbé àwòrán náà kọ́ fún aráyé wò. Ó ní, “Màdáámù, ẹ ṣáà bá mi pa ọkùnrin yẹn rẹ́. Ó ń ba ojú ọ̀run jẹ́.”

“Ọkọ mi ni.”

“Ẹ kú àmúmọ́ra. Ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ là ń wá.”

“Omi ti pa á lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá. Èmi ò ní pa á lẹ́ẹ̀kejì. Ilẹ̀ wo lẹ sì ń wí? Ẹ mú irú ẹni yìí kúrò, omi lásán ló kù.”

Màmá ká àwòrán wọn, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi wálé. Ará ìlú ńlá kò pè wọ́n mọ́. Àwọn aládùúgbò ló ń wá: “Tannetje, bá mi ya ẹ̀gbọ́n mi síbi kòtò tó gbẹ́.” Màmá yà wọ́n títí di ọjọ́ ogbó. Àwọn kan pe Màmá ní alágídí. Òótọ́ ni, a kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Màmá sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹrin ọdún 1999. Wọ́n fi ọmọ méjì, Leuntje àti Adriaan, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún sáyé.

Sùn re o, Màmá. Òkun ṣì ń kọlu odi. Àwa náà ṣì wà lórí rẹ̀, a ò kúrò.