Èmi Ni Mo Mu Hàǹtú Ọmọ Mi

Èmi ni mo mu ún. Hàǹtú, omi tí alùfáà fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára pátákó wàláà, tí ìyá ọkọ mi gbà wá kí ọmọ mi lè máa sùn lóru, èmi ìyá rẹ̀ ni mo dà á sí ọ̀fun, mo sì purọ́ pé ọmọ ló mu ún. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bú mi... ẹ̀yin olóòtú ìwé ìròyìn, ẹ má sì tẹ orúkọ mi síbẹ̀, torí ní Bẹyẹrúnkà, kò sẹ́ni tí ò mọ ara wọn.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti lò lọ́dọ̀ ọkọ mi tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni mo bí ọmọkùnrin yìí sí, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Èmi àti ẹ̀ la wá kí ilé fún oṣù méjì. Ṣé ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá kírun ìṣáì tán níbí, ọ̀sán ṣì ni lọ́hùn-ún? Ara ọmọ ò tíì mọ̀ pé a ti kúrò níbẹ̀. Bí gbogbo ilé bá sùn, eré dé, á máa bẹ́ lórí ẹní, á máa béèrè ẹyin díndín. Bílẹ̀ bá mọ́, á di oorun títí di ọ̀sán.

Nọ́ọ̀sì kan tí a jọ ń gbélé lọ́hùn-ún ti kọ́ mi kí n tó wọ bàálù: kí n má jẹ́ kó sùn jù lọ́sàn-án, kí oòrùn máa kàn án, kó máa bá àwọn ọmọ ilé jẹun lásìkò tí wọ́n ń jẹun, díẹ̀díẹ̀ ara ẹ̀ á bá ilé mu. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo ń jí i láàárọ̀, mo ń fà á lọ́wọ́ gun òkè Mápó, ó ń sunkún, ó ń jókòó sílẹ̀, mo ń gbé e dìde. Àwọn ìyàwó ilé ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú. Ìyá ọkọ mi ní a kì í jí ọmọ tó ń sùn, pé ọmọ tó ń ṣeré lóru, ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ́run ló ń pè é. Tí mo bá ti yíjú, á ti gbé e pọ̀n, ọmọ á sì sùn lọ lẹ́yìn ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ já a gbà?

Ọjọ́ karùn-ún, ó lọ sọ́dọ̀ alùfáà kan lọ́nà Ọjà'ba, ó gbé ìgò hàǹtú dé, ó ní kí n fún ọmọ mu. Omi sísè nìkan ni ọmọ yìí ń mu láti ọjọ́ tí a ti dé, mi ò mọ kànga tí wọ́n ti fa omi tí wọ́n fi fọ wàláà, inú ọmọ mi kọ́ ni mo máa fi dán an wò. Ṣùgbọ́n ọmọ alùfáà lèmi náà, ilé kéú ni wọ́n ti tọ́ mi, ọwọ́ mi ò lè da ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ni mo bá gbé e mu. Ó korò díẹ̀.

Ẹ wá wo nǹkan... òru ọjọ́ yẹn gan-an lọmọ sùn mọ́jú! Oòrùn Mápó ló ṣe é, ta ló máa gbà? Ìyá ọkọ mi ti ròyìn hàǹtú kiri Bẹẹrẹ, ojoojúmọ́ ló ń gbé e wá, ojoojúmọ́ ni mò ń mu ún. Ni alùfáà bá ní ọmọ gbọ́dọ̀ mu ún fún ọdún kan gbáko. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ìyá pè mí wọ yàrá, ó ní, “Bàálù ló fẹ́ gba ọmọ yìí lọ́wọ́ wa. Ìwọ máa lọ bá ọkọ ẹ. Ọmọ ò lọ.” Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ó fẹ́ràn ọmọ náà bí ojú. Mo kọ̀wé sí ọkọ mi, èsì ẹ̀ dé: kí n ṣe bí ìyá òun ṣe wí. Ṣé ẹ rí ayé mi?

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká padà. Tí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á ní mo fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré, mo sì sọ ìyá àgbà di ẹlẹ́yà. Tí mo bá dákẹ́, ọmọ mi á kù sẹ́yìn. Mi ò kábàámọ̀ o, tó bá tún di ọ̀la, màá tún mu ún. Kí n sọ fún ìyá lójúkojú ni, àbí kí n kàn gbé ọmọ mi pọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n máa lọ? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ pé kí n fi í sílẹ̀, kó má wulẹ̀ ra sítáǹbù.