Ọ̀nà Ìdí Àràbà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màámi wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kò tíì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń lo oògùn wọn, wọ́n sì ń bú mi bí mo bá rán wọn létí. Mo ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Adó, wọ́n ní àwọn kò lè fi ilé yín sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Àwọn nìkan ló wà ní Ìkẹ́rẹ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èmi? Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, mi ò tíì sunkún. Mo ń jẹun, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń dá àwọn ènìyàn lóhùn. Ara mi kàn dákẹ́ ni.

Iṣẹ́ wa lórí afòmọ́ ti so èso. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń bú u nínú oko kòkó pé olè ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti sọ fún yín pé à ń ṣe ìwádìí lórí ewé rẹ̀, ẹ kì í gé e jù nù mọ́. Ẹ ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí oòrùn má bàa pa á, ẹ ó máa yí i díẹ̀díẹ̀ láti orí ẹní dé ẹsẹ̀ ẹní, bí ẹni ń yí ọmọ tó ń sùn. Bí mo bá pẹ́ kí n tó wá kó o, ẹ ó ní afòmọ́ kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ní í bá tan, ẹ ó ní èmi náà ti di afòmọ́ lára yín. Ó dára, a ti rí èròjà kan nínú rẹ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn eku wa wálẹ̀. Ọ̀nà ṣì jìn kó tó di oògùn ènìyàn. Àwọn ẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo fọ àwọn ìgò tí mo lò, mo sì wọkọ̀ lọ sílé.

Ọjọ́ tí ẹ ṣubú, Màámi ló pe áńbúláǹsì. Ibi tí gbogbo wa máa ń sọ náà ni wọ́n sọ: Ìdí Àràbà. Ta ni kò mọ̀ ládùúgbò wa pé wọ́n ti gé àràbà náà nígbà tí wọ́n ń fẹ títì, kí wọ́n tó bí mi? A kò rò ó wò rí. Ṣùgbọ́n ọmọ Àgbàdo ni awakọ̀ yẹn, kò tíì pẹ́ tó dé ìlú. Igi ló ń wá. Ó rí àràbà kan lójú ọ̀nà Ìgbàrà-Odò, ó lọ páàkì sábẹ́ rẹ̀, ó ń fun fèrè rẹ̀ kí a lè jáde sí i. À ń gbọ́ ọ láti inú ilé. Mo di ọwọ́ yín mú, mo ń sọ fún yín pé wọ́n ti ń bọ̀. Ohùn fèrè náà kò sún mọ́ wa, kò sì jìnnà sí i. Kí aládùúgbò tó rí yín gbé sínú mọ́tò rẹ̀, ẹ ti lọ.

Ṣé ẹ gbọ́ fèrè náà? Ṣé ẹ gbà mí gbọ́?

Ní báyìí, àwọn olùwádìí kan ń wá bí áńbúláǹsì yóò ṣe máa tètè dé. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń béèrè orúkọ tí a ń pe àdúgbò wa, wọ́n sì ń fi ọ̀nà ibẹ̀ sórí fóònù àwọn awakọ̀. Màámi tún dárúkọ igi yẹn fún wọn. Inú bí mi. Mo fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níwájú ilé wa pè é. Màámi dá mi lóhùn:

“Ulé bàbá rẹ, Ùdí Àràbà ni.”

Ọ̀rọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùwádìí náà ṣe fi í sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn olùwádìí náà wá, wọ́n ní kí a pe áńbúláǹsì wò. Màámi ń yí afòmọ́ lórí ẹní yín lọ́wọ́, àwọn ló ń bá mi ṣe é báyìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹní ni. Mo pè, mo sọ Ìdí Àràbà, mi ò fi nǹkan kan kún un. Màámi kò tíì yí i dé ẹsẹ̀ ẹní tí áńbúláǹsì fi dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Awakọ̀ ọjọ́sí náà ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màámi, kò sì tètè dìde. Màámi bu omi fún un. Inú àwọn olùwádìí dùn, wọ́n ń ya fọ́tò. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí lórí ọ̀rọ̀ Màámi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì sìn wọ́n dé ìta.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo jókòó ti ẹní náà. Mo wo ewé tí Màámi ti yí, mo wo èyí tó kù. Láti ọjọ́ tí ẹ ṣubú ni mo ti ń sọ fún ara mi pé ọ̀nà ló jìn.

Bàbá mi, kò jìn.

Èmi ni,
Afòmọ́ yín, tó ṣì ń bá yín tan.