Bí Ìyàwó Mi Ṣe Ka Ọjọ́ Orí Àwọn Ọmọ

Ifọ̀, Ọjọ́rú, 1956

Ojú tì mí lónìí. Akọ̀wé tó ń ṣe káàdì ọsibítù fún ẹbí àwa òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì rélùwéè ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún nìkan ni wọ́n ń gbà. Ó bi mí lọ́jọ́ orí àwọn tèmi, mo bá ń wòkè.

Ìyàwó mi, tí kò mọ̀wé, ní, "Ẹ ṣí ìwé iṣẹ́ Bàbá Rónkẹ́. Ọdún tí wọ́n gbé wa lọ sí Ìlọrin ni mo bí Rónkẹ́. Jẹ́bà ni ti Dàpọ̀."

Gbogbo rẹ̀ bá àwọn ìlú àti ọdún tó wà nínú ìwé náà mu. Obìnrin yìí mà gbọ́n o!

"Ẹ ti fo Òṣogbo tó wà níbí," ni akọ̀wé wí.

"Èyí tí mo bí síbẹ̀, ibẹ̀ náà la sin ín sí."

Bí a ṣe ń padà sílé, n kò bi í, ó ní, "Ì bá ti pé ọdún mẹ́rìnlá báyìí."